Ẹjọ́ Ẹlẹ́jọ́ Tó Wọ Ilé Wa

 

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá ẹ̀yin ará Ìmeri sọ̀rọ̀ lórí òfin, òwe kan ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, òwe tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbí: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà dára, ó ti pa ìjà lẹ́nu ọ̀pọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Àmọ́ ó ti mú kí àwa náà gbà pé bí a ò bá ti bá ẹnikẹ́ni dé kóòtù, ọ̀rọ̀ kóòtù ò kàn wá. Èyí ni mo wá bá wí lónìí. Ẹjọ́ tó ń pinnu bóyá ọmọbìnrin yín á jogún, bóyá rìsíìtì ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ àpótí yín níyì, bóyá owó káńsù á dé Ìfọ̀n, olú ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní kíkún, àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí ni wọ́n rò ó. Wọ́n rò ó ní Onitsha, ní Èkó, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ní ilẹ̀ Gánà pàápàá. Ẹnikẹ́ni ò fìwé pè yín. Síbẹ̀ ìdájọ́ wọn ti wọlé yín, ó ti jókòó.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Ẹjọ́ tí wọ́n bá dá ní kóòtù ìbílẹ̀, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e gòkè lọ sí kóòtù òkè ní Àkúrẹ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga náà ń jókòó ní Ọ̀wọ̀, nítòsí wa níbí. Láti ibi méjèèjì, ó di Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá. Títí di ọdún 1963, òkè àjà yẹn ò tiẹ̀ sí ní Nàìjíríà rárá. Lọ́ńdọ̀nù ló wà, níwájú àwọn adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí kóòtù òkè bá sọ, kóòtù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ì báà má bá a lára mu. Nítorí náà, bí adájọ́ ní Ọ̀wọ̀ bá fẹ́ dá ẹjọ́ ààlà oko yín, kì í ṣe ìwé òfin nìkan ló máa ṣí. Ó máa wo ohun tí wọ́n ti sọ ní Àbújá lórí ààlà oko ẹlòmíràn.

Ogún ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń tú ilé ká jù lọ.

Bàbá kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Suberu Dawodu. Ó kú láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níwájú mi yìí ti mọ ìjà tó máa tẹ̀ lé e: ṣé ìdí igi ni ká fi pín in, ọ̀nà mẹ́rin, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àbí orí ò jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án, ọmọ kan ìpín kan? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí í ṣe ọmọ Yorùbá, ní orí ò jorí ni. Lójú rẹ̀, ìdí igi ò bá ẹ̀tọ́ ayé òde òní mu mọ́. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, àwọn àgbà adájọ́ tí ìdí igi wọn ò ju ìdí igi ọgbà wọn lọ ló wá sọ fún Yorùbá pé àṣà Yorùbá ṣì dúró: ìdí igi ni òfin, orí ò jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà nígbà tí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń ka ẹjọ́ yẹn. Àmọ́ ìyàwó tó bí ọmọ kan ṣoṣo àti ìyàwó tó bí mẹ́fà kò ní í jọ rẹ́rìn-ín. Ìdájọ́ náà ṣì dúró títí di òní. Bàbá oníyàwó púpọ̀ tí kò bá fẹ́ ìdí igi ní láti kọ ìwé ìhágún, kó sì kọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là.

Ti opó ló tún wá le. Ní 1957, ilé ẹjọ́ àgbà ilẹ̀ wa sọ ọ́ gbangba nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé obìnrin Yorùbá ò lè jogún ọkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ dà bí ẹrù tí ẹbí ọkọ máa jogún. Ẹ máa wí pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi àti Akinnubi, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún sọ ọ̀rọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀ nípa opó Yorùbá. Ọdún 1997, kì í ṣe ayé Lugard o. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti bí.

Lọ́dún 1997 yẹn kan náà, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ìlà oòrùn. Ọkùnrin ará ìdílé Mojekwu kan kú, kò ní ọmọkùnrin tó kù lẹ́yìn. Ọmọ arákùnrin rẹ̀ dìde, ó ní lábẹ́ àṣà tí wọ́n ń pè ní oli-ekpe, òun ló ni ilé tó wà ní Onitsha. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé e padà, Adájọ́ Niki Tobi sì bá àṣà náà wí kíkankíkan: Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ, ta ni èèyàn tó máa wá fìyà jẹ obìnrin lórí irú ọmọ tó bí? Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì, èmi náà kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ náà dé Àbújá ní 2004, ọmọ arákùnrin yẹn tún pàdánù, àmọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọ̀rọ̀ tí Niki Tobi sọ lórí oli-ekpe kò yẹ kó wáyé, torí kò sí ẹni tó gbé e síwájú rẹ̀. Kò gbọ́ tẹnu ẹni tí àṣà náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ìtàn yẹn ni pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu adájọ́ jáde ló ń di òfin. Ọ̀rọ̀ tó gbé ìdájọ́ dúró ló ń di òfin. Èyí tó kàn fi ṣàlàyé, bó ti wù kó dùn tó, kò de kóòtù kankan. Bí lọ́yà bá ń ka ìdájọ́ fún yín, ẹ bi í pé èwo nìyẹn nínú méjèèjì. Ẹ máa rí i pé ó máa wo ojú yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ó gba ọdún mẹ́wàá kí ilé ẹjọ́ náà tó rí ẹjọ́ tó bá a mu. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, ọdún 2014, ìdájọ́ méjì jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nínú ti Ukeje, ọmọbìnrin kan ń béèrè ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Èkó. Ilé ẹjọ́ ní àṣà Ìgbò tó bá ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ ta ko ẹ̀ka 42 Ìwé Òfin ọdún 1999, èyí tó ní a ò gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí èèyàn dù ú ní ohunkóhun. Nínú ti Anekwe, ìdílé ọkọ fẹ́ lé opó ará Awka kan jáde nílé nítorí pé kò bímọ ọkùnrin. Ilé ẹjọ́ ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ilé mi pé, "Ẹjọ́ Ìgbò nìyẹn, àwa kì í fi ogún du ọmọbìnrin." Òótọ́ ni, ọmọbìnrin Yorùbá ń jogún, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kóòtù ti sọ nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó pé obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka 42 kò lẹ́yà, kò sì béèrè orúkọ ìlú. Ṣé gbogbo ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ la máa ń pè nígbà tí a bá ń pín oko, àbí a máa ń ní kó lọ jẹ tilé ọkọ rẹ̀? Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún olúkúlùkù. Ní ti opó, lójú tèmi, ẹjọ́ Akinnubi ti 1997 kò lè dúró mọ́ níwájú ẹjọ́ 2014. Àmọ́ lọ́yà tó bá fẹ́ jà á ṣì lè jà á, kó ní ti Yorùbá ni ti 1997, ti Ìgbò ni ti 2014. Opó tí kò bá fẹ́ dúró gba irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, kí òun àti ọkọ rẹ̀ fi orúkọ méjèèjì sí ìwé ilé nígbà tí ọkọ ṣì wà láyé.

Ó yá, ká bọ́ sóko.

Kò sí ìlú tí kò ní ìtàn ilẹ̀ rẹ̀: ọdẹ ló kọ́kọ́ débẹ̀, igi kan wà, odò kan wà. Bí ẹbí méjì bá dé kóòtù, àgbà méjì máa dìde, wọ́n á sọ ìtàn méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì gba tirẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn. Ta ni ká gbà gbọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ti ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà wá. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie, àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní, níbi tí ìtàn àtẹnudẹ́nu méjì bá ti ta kora, kí adájọ́ má wo ojú ẹlẹ́rìí mọ́, nítorí ẹni tó ń sọ ohun tí baba ńlá rẹ̀ sọ fún un kò purọ́, ìtàn náà ló lè ti yí padà lójú ọ̀nà. Kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ lórí ilẹ̀ náà: ta ló ń roko níbẹ̀, ta ló gba ìṣákọ́lẹ̀, ta ló ta igi, ta ló sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń ta á? Láti ìgbà náà ni ẹ̀rí tẹnu àgbà ti dínkù níyì bí kò bá sí iṣẹ́ ọwọ́ tó tì í lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ó dun àwọn bàbá. Ṣùgbọ́n bí ẹbí yín bá ti fi oko sílẹ̀ fún ogún ọdún, tí ẹlòmíràn ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ láìgba àṣẹ, oríkì yín nìkan kò ní í gbà á padà.

Ní 1976, ẹjọ́ Idundun àti Okumagba láti agbègbè Warri to ọ̀nà tí a lè gbà fi hàn pé a ni ilẹ̀ sí márùn-ún: ìtàn, ìwé, ìṣe oníǹkan lórí ilẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó fara tì í. Ọ̀kan ti tó bí ẹ bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Èyí tó ń kó wa sí wàhálà ní tiwa ni ìkejì, ìwé.

Ẹ gbé rìsíìtì ilẹ̀ yín wá sí iwájú yín. Bébà kan ni, sítáńpù wà lórí rẹ̀, àtàǹpàkò olórí ẹbí wà nísàlẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì. Kò dé Àkúrẹ́ rí láti forúkọ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, adájọ́ máa ń ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí òfin ìpínlẹ̀ sọ pé ìwé ilẹ̀ tí a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ṣe é fi jẹ́rìí. Ní 2017, nínú ẹjọ́ Benjamin àti Kalio tó wá láti ìpínlẹ̀ Rivers, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, pé ìpínlẹ̀ kò lágbára láti sọ pé kí ìwé má wọlé. Lọ́yà jó. Ní 2019, nínú ẹjọ́ Abdullahi àti Adetutu, ilé ẹjọ́ kan náà tún padà sí ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀: ìwé náà lè wọlé láti fi hàn pé owó kọjá lọ́wọ́ ẹnìkan sí ẹnìkejì, ẹni tó sì ti wà lórí ilẹ̀ lè rí àánú òfin gbà, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn pé ilẹ̀ ti di tirẹ̀ tán.

Nítorí náà lónìí, bí mo bá dìde ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ 2017, ẹnìkejì mi á dìde pẹ̀lú ti 2019, adájọ́ á sì wo àwa méjèèjì bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ méjì mú oúnjẹ wá. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó wà lókè pátápátá ló yẹ kó máa tan iná sí òkùnkùn ẹni tó wà nísàlẹ̀. Títí tí wọ́n á fi yanjú rẹ̀ ní Àbújá, ọ̀nà tó dá mi lójú ni pé kí ẹni tó bá ra ilẹ̀ pe sọ́fíyọ̀, kó gbé ìwé rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, kó sì máa lo ilẹ̀ náà. Ó ń náni lówó. Ẹjọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń náni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan ń nawọ́ sókè níbẹ̀ yẹn, mo mọ ohun tó fẹ́ bi mí: àwọn àjòjì tí bàbá yín fún ní ilẹ̀ dá oko ńkọ́, tí wọ́n ń sọ pé òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti sọ gbogbo ilẹ̀ di ti ìjọba, àwọn ò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́? Ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, 1991. Ilé ẹjọ́ ní òfin 1978 kò fọ́ àjọṣe tó wà láàrin onílẹ̀ àti ẹni tó gba ilẹ̀ dá oko. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ṣì jẹ́ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ má sì torí ìyẹn lọ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà o. Bí wọ́n ṣe wọlé pẹ̀lú ìwà rere náà ni ẹ jẹ́ kí ẹ jọ máa gbé.

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì ló kù kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Èkíní, gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ ní 2018 nínú ẹjọ́ báńkì kan àti Opara pé EFCC kì í ṣe agbowó gbèsè, òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sì sọ ọ́ ní kedere pé a ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí àdéhùn tó bà jẹ́, a ò sì gbọdọ̀ mú ìyàwó dípò ọkọ tó sá lọ. Ẹni tó jẹ yín lówó àjọ, kóòtù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Èkejì, ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí ìdí tí a fi ń dìbò gómìnà nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù kì í dìbò tiwọn: ẹjọ́ ni. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Peter Obi ti Anambra, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọdún mẹ́rin gómìnà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó búra. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin sì fi Olusegun Mimiko sípò gómìnà wa ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2009, ó búra lọ́jọ́ kejì, ọdún tiwa yí kúrò lára ti àwọn yòókù láti ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ Anambra ló kọ kàlẹ́ńdà Oǹdó.

Mo dé ibi tí mo ń lọ.

Ní oṣù kárùn-ún 2024, Lateef Fagbemi, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, pe gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì lẹ́jọ́ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀. Kò kọ́kọ́ lọ sí kóòtù ìsàlẹ̀, torí ìjà ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ni Ìwé Òfin ní kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, adájọ́ méje jókòó, Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa di owó káńsù mú. Kí wọ́n máa san án tààrà fún káńsù. Wọ́n ní gómìnà kò lágbára láti tú káńsù tí wọ́n dìbò yàn ká, kí ó sì fi ìgbìmọ̀ tó yàn fúnra rẹ̀ rọ́pò. Wọ́n ní káńsù tí kò bá ní alága tí ará ìlú yàn kò ní í gba owó. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ rántí pé kì í ṣe àkọ́kọ́. Ní 2004, ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ fún Ààrẹ Obasanjo pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó àwọn káńsù Èkó mú. Nígbà yẹn, Àbújá ni wọ́n bá wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìpínlẹ̀ ni. Ibi tí owó máa ń há sí kàn yí padà ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ìdájọ́ 2024, ìbò káńsù wáyé ní ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún ìpínlẹ̀ wa, ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2025. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀, ẹ sì lè dá èrò yín sí ìyẹn. Èmi ti dá tèmi sí. Ọdún kan kọjá lẹ́yìn ìdájọ́, ọ̀rọ̀ owó sísan tààrà ṣì wà nínú ìpàdé, báńkì ní kí káńsù wá ṣí àkáǹtì, ìpínlẹ̀ ní òfin àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti káńsù ṣì wà nínú Ìwé Òfin. Adájọ́ kò ní ọmọ ogun, kò ní àpò owó. Ohun tó ní kò ju ohun tó kọ sínú ìwé lọ, ẹni tó bá sì ka ìwé náà tó ń bi ìbéèrè nípa rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di nǹkan.

Mo ti ṣe ẹ̀dà ìdájọ́ náà mẹ́ta wá. Ọ̀kan wà fún Kábíyèsí, ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìlú, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó gùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n mo ti fi rìbọ́nì pupa sí ojú ewé tí ó ti sọ ohun tó jẹ́ ti káńsù. Bí kánsílọ̀ wa bá tún wá kí wa, kí ẹnìkan ṣí i níwájú rẹ̀, kó bi í èló ló dé Ìfọ̀n lóṣù tó kọjá, kó sì bi í èwo nínú rẹ̀ ló dé Ìmeri.

Ó yá, ta ló ní ìbéèrè? Ẹ fún bàbá yẹn ní maikirofóònù.